Bàbá Tó Kọ́ Wa Láti Máa Kí Ilé

Ní ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ Bàbá àgbà mi, mi ò rí ẹkún sun. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn wọn. Ẹ̀rù ni kò jẹ́. Ààfáà ń ṣe wáàsí lábẹ́ kánópì tí a ta síwájú ilé, ní àdúgbò wa yìí tó wà lẹ́yìn títì Addo, gbogbo ẹbí dorí kodò, ojú tèmi sì wà ní òdìkejì ọ̀nà, lórí bárándà òkè ilé Bàbá Ganíyù. Àwọn àlejò tí kò ríbi jókòó ti gòkè lọ síbẹ̀ láti máa wò wá. Mò ń kà wọ́n. Mẹ́rin. Mẹ́fà. Obìnrin kan pọn ọmọ dé, mo ka òun àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n di mẹ́jọ. Ọkùnrin kan fara ti irin bárándà, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń ju èèpo rẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá àgbà mi ló kọ́ bárándà yẹn. Bíríkìlà ni wọ́n, méjì irú rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ lọ́dún kan náà, ọ̀kan sí ilé tiwọn, ọ̀kan sí ilé Bàbá Ganíyù tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn. Ti ilé tiwọn, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi wó o. Èyí tó kù ní òdìkejì ọ̀nà yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n fi ọkàn balẹ̀ títí Ọlọ́run fi pè wọ́n. Àwọn ẹlòmíì ń jogún ilẹ̀, wọ́n ń jogún aṣọ. Ìbẹ̀rù bárándà ni èmi jogún.

Mọ́mì mi fọwọ́ kàn mí léjìká. "Kúdí, kí lò ń wò lókè yẹn?"

"Mò ń ka èèyàn ni, mà."

Wọ́n wo òkè, wọ́n wò mí, omi lé ròrò sí wọn lójú. "Ọmọ ọmọ Bàbá ni ọ́ lóòótọ́," ni wọ́n wí.

Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, wọ́n á sọ fún yín pé èèyàn líle ni Bàbá Bíríkìlà, pé wọn kì í rẹ́rìn-ín, pé wọ́n máa ń fi ọmọ ọmọ wọn ṣe lébìrà. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ìlasàn ni à ń gbé nígbà náà, ní Jakande Estate, ṣùgbọ́n gbogbo àárọ̀ Sátidé ni Mọ́mì máa ń kó èmi àti Wàsíù àbúrò mi wọ bọ́ọ̀sì dé Ajah, ká tó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Addo. Ọmọ ẹlòmíì ń wo káàtúùnù, àwa ń lọ kan ògiri.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ kí ilé," ni Bàbá máa ń wí bí a bá ti mu ògì tán.

Kíkí ilé ní ìlànà tirẹ̀. Bàbá á fún olúkúlùkù wa ní igi kékeré kan tí wọ́n gé lára igi hámà tó ti kán, wọ́n á tún fún wa ní ṣọ́ọ̀kì. Ọmọ kan, ògiri kan. A ó máa kàn án láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìbú ọwọ́ kan sí ìkejì, etí wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Bí inú ògiri bá le, á dáhùn, kó, kó, kó. Bí inú rẹ̀ bá ti ń tú, á dún bọ̀ọ̀ bí agbè tí kò ní nǹkan nínú. Ibi tó bá ti dún bẹ́ẹ̀, ká fi ṣọ́ọ̀kì fa òbìrìkìtì yí i ká. Òfin kan ṣoṣo ló wà, àwọn àgbà ni òfin náà sì dè: bí ọmọ bá ti fa òbìrìkìtì, kò sí àgbà tó gbọ́dọ̀ sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹni tó bá sì fà á ló ni ín. Òun àti Bàbá ni yóò jọ fọ́ ọ, òun ni yóò fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lára irin inú rẹ̀, òun ni yóò po símẹ́ńtì, wọn ó jọ dí i, wọn ó jọ rẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ á fi dán. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ògiri kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì.

Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin fúnra yín kì í gbọ́ ọ ni?"

Wọ́n ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbọn omi dànù lọ́wọ́. "Mò ń gbọ́," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n etí tèmi ti mọ ohun tó wù ú láti gbọ́. Tiyín ò tíì mọ̀ ọ́n."

Màmá àgbà ni òbìrìkìtì wọ̀nyẹn sú jù. Obìnrin tó fẹ́ràn àlejò ni wọ́n, kò sì sí bí àlejò ṣe máa wọ pálọ̀ wọn tí kò ní béèrè ohun tó ṣe ògiri. Ọjọ́ kan, èmi àti Wàsíù fa mọ́kànlá sí ògiri kan ṣoṣo. Màmá wọlé, wọ́n káwọ́ lérí. "Bàbá Sídí, ilé mi ti ní làpálàpá." A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀. Sídí ni orúkọ Mọ́mì mi, àkọ́bí wọn. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyá Sídí, làpálàpá tí a bá rí là ń wò sàn. Èyí tí a ò rí ni mo ń bẹ̀rù."

Ohun tí àwọn ará àdúgbò kò mọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù ló ń ba Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀rù olè, kì í ṣe ẹ̀rù àjẹ́. Ẹ̀rù ilé ni. Bí típà bá ń kọjá lọ lójú títì, wọ́n á dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ le ògiri bí ẹni ń wo ara ọmọ bóyá ó gbóná. Bí òjò Ajah bá bẹ̀rẹ̀, tí omi ń ga sí i lójú ọ̀nà, àwọn ẹlòmíì á máa gbé kápẹ́ẹ̀tì, Bàbá á kó wa lọ sí yàrá ẹ̀yìn, jìnnà sí iwájú ilé, wọ́n á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọn kì í jókòó sábẹ́ bárándà tiwọn. Bárándà tó tutù, tí gbogbo àdúgbò ń yìn, oòrùn ni wọ́n máa ń gbé àga sí.

Ẹ̀rù náà ràn mí. Ní ilé ìwé, mo máa ń fi bíírò kan ògiri kíláàsì. Tíṣà ká mi mọ́ ọn, ó na ọwọ́ mi, ó ní kí ni mò ń wá nínú ògiri. Nígbà tí mo ro ẹjọ́ rẹ̀ fún Bàbá, mo rò pé wọ́n á bínú sí tíṣà. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, "Ó dáhùn àbí kò dáhùn?"

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Bàbá kò sọ fún wa rí pé kí a má bẹ̀rù. Gbogbo àgbà ló máa ń sọ ọ́ fún ọmọdé, pàápàá àwọn àgbà tí ẹ̀rù ń bà. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí a fẹ́ kun síìlìn pálọ̀ ní pẹ́ńtì. Mo gun àkàbà dé ìgbésẹ̀ kẹta, mo bú sẹ́kún. Wàsíù ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nísàlẹ̀. Bàbá ní kó dákẹ́. Wọ́n wò mí.

"Sọ orúkọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù."

"Àkàbà ni, Bàbá."

"Àkàbà ò ṣe nǹkan kan. Kí lo rò pé ó fẹ́ ṣe?"

Mo ronú. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yọ̀ lórí ilẹ̀ tó ń dán yìí."

Wọ́n gbé mi sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gun àkàbà náà fúnra wọn, àwọn tí wọ́n sanra tó èmi mẹ́ta, wọ́n sì ní kí n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í, mo fi orúnkún tì í, pẹ́ńtì ń kán sí mi lórí. Ní gbogbo àkókò yẹn mò ń rò ó pé tí mo bá jáwọ́, Bàbá mi á kú. Ẹ̀rù ò bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí, inú mi ò sì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní, "Ẹni tó mọ ibi tí àkàbà ti fẹ́ yọ̀ ni kó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú."

Ọ̀rọ̀ yanrìn ló wá le jù. Bí típà bá kó yanrìn dé fún iṣẹ́ ilé, Bàbá kì í jẹ́ kó dà á sílẹ̀. Wọ́n á to èmi àti Wàsíù sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, a ó bu yanrìn díẹ̀ sórí ahọ́n, a ó tọ́ ọ wò, a ó tutọ́ dànù. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo bíríkìlà ń ṣe, àfìgbà tí mo dàgbà tí mo rí i pé kò sí ẹlòmíì tó ń tọ́ yanrìn wò ní gbogbo Ajah.

Dírẹ́bà kan rẹ́rìn-ín títí. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?"

Wàsíù, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, tutọ́, ó nu ẹnu. "Bàbá, ó níyọ̀ díẹ̀."

"Ó yá, máa gbé e padà," ni Bàbá wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Torí ẹnu ọmọdé? Yanrìn ni yanrìn nau. Mo ti jó epo débí."

Ó fẹ́ dà á sílẹ̀ tipátipá. Bàbá lọ dúró sẹ́yìn típà náà gan-an, níbi tí yanrìn fẹ́ dà sí, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Dírẹ́bà bú wọn, ó bú ẹnu Wàsíù pẹ̀lú, ó sì gbé mọ́tò rẹ̀ lọ. Màmá àgbà ní àwọn ò rí irú èyí rí. Bàbá gbé Wàsíù sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n fún un lómi pé kó fi yọnu. Ohùn wọn rẹlẹ̀ gan-an nígbà tí wọ́n sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilé gbọ́. "Iyọ̀ kì í jẹ irin lọ́jọ́ kan," ni wọ́n wí. "Ó ní sùúrù ju èèyàn lọ."

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà yẹn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ ọ́n, èyí tí mo sì fẹ́ sọ yìí ni mo fi ń mọ Bàbá mi yàtọ̀ sí bàbá ẹlòmíì.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Wàsíù fẹ́ ṣe wòlímọ̀ Kùránì ní ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n sì ti ṣètò pé àwọn ìyá ẹlẹ́gbẹ́ àsàlátù Màmá máa jókòó sórí bárándà òkè nítorí atẹ́gùn. Àwọn ọmọ ilé kéwú máa tò sábẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀. Bárándà yẹn ni ògo Bàbá. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní àdúgbò wa, àwọn èèyàn sì ń wá láti ibòmíì wá wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Òun sì nìkan ni ibi tí a kì í kí nínú ilé. Ní gbogbo Sátidé, Bàbá á ní, "Ẹ fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀, èmi á ṣe é." Mi ò rí i kí wọ́n ṣe é rí.

Ní Sátidé yẹn, Bàbá lọ sí Ajah lọ wá àga. Mo kí gbogbo ilé tán, ṣọ́ọ̀kì ṣì kù lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n yìn mí. Mo gòkè lọ sí bárándà. Mo kúnlẹ̀, mo kan ilẹ̀ rẹ̀. Bọ̀ọ̀. Mo sún ọwọ́. Bọ̀ọ̀. Mo kàn án lọ títí dé etí irin iwájú, gbogbo rẹ̀ ni kò dáhùn. Mo fi ìdí wọ́ padà wọ inú ilé. Mo di ṣọ́ọ̀kì mú. Mo ronú nípa àwọn ìyá àsàlátù, mo ronú nípa Màmá tó ti fọ ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ronú nípa Bàbá. Mi ò fa òbìrìkìtì kankan.

Bàbá dé, àga dé, inú wọn dùn lọ́jọ́ náà, ohun tó ṣọ̀wọ́n. Wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí. "Kúdí, ṣé ilé dáhùn?"

"Ó dáhùn, Bàbá."

Àwọn àgbà máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á lé e bá. Irọ́ tèmi kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ Sọ́ńdè, mo dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, mò ń wo àga tó ń gòkè. Mẹ́wàá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè pẹ̀lú, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ kéwú ti ń tò nísàlẹ̀, Wàsíù ló wà níwájú nínú jálàbíà funfun. Mo sáré lọ di etí agbádá Bàbá mú.

"Bàbá, mo parọ́."

"Níbo?"

Mo nawọ́ sókè.

Mi ò lè gbàgbé ojú wọn. Kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sì yà wọ́n lẹ́nu. Ojú ẹni tí àlejò tó ti ń retí tipẹ́ wọlé dé bá ni. Wọ́n yí padà, wọ́n ní kí Ààfáà kéwú kó àwọn ọmọ lọ sí ìta gbangba, wọ́n sì gòkè. Mo gbọ́ ohùn wọn láti ìsàlẹ̀, kò ga rárá. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ dákun, ẹ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sáré. Ẹ má fo." Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jáde. Ìyá tó sanra jù nínú wọn wá àpò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wo abẹ́ àga, ó bi ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ó rí i. Mo di ojú mi. Títí tí ó fi jáde ni mò ń ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀.

Bàbá bọ́ agbádá sílẹ̀. Wọ́n gbé hámà ńlá. Màmá figbe ta pé, "Bàbá Sídí, níwájú àlejò?" Wọn ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Wọ́n dúró sínú ẹnu ọ̀nà bárándà lókè, wọ́n nawọ́ síwájú, wọ́n lù ú. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kọ́ńkéré tó tóbi tó ẹní já lulẹ̀, ó balẹ̀ síbi tí Wàsíù dúró sí tẹ́lẹ̀. Eruku bo gbogbo wa. Nígbà tó fò tán, a rí irin inú rẹ̀. Ó ti pupa, ó ti rù bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Ẹnì kan fọwọ́ kàn án, ó rún sí i lọ́wọ́.

Bàbá sọ̀kalẹ̀, eruku funfun lórí wọn, wọ́n dúró níwájú gbogbo èèyàn. "Èmi ni mo kọ́ ọ," ni wọ́n wí. "Yanrìn etí òkun ni mo fi kọ́ ọ. Ó sún mọ́ wa, ojú sì ń kán mi láti kó wọlé. Mo fi omi ṣàn án. Mo mọ̀ pé ó ku iyọ̀." Wọ́n wá yíjú sí ọ̀rẹ́ wọn tó jókòó ní ìlà iwájú. "Gàní, yanrìn kan náà ni tìẹ."

Èmi ti lọ sá pamọ́ sẹ́yìn táńkì omi, mò ń retí kòbókò. Bàbá rí mi níbẹ̀. Wọ́n lóṣòó ti mí, hámà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ìwọ ló kọ́kọ́ parọ́ fún bárándà yìí, Kúdí."

Ojú ọ̀nà ni a ti wá ṣe wòlímọ̀ Wàsíù, ó sì ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ méjì pín yà lọ́jọ́ náà. Bàbá Ganíyù dìde láàárín èrò. Wọ́n ní, "Múfú, o mọ̀, o sì jẹ́ kí ìyàwó mi máa jókòó síbẹ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá?" Ní ọjọ́ kejì, Bàbá gbé hámà kọjá lọ sọ́hùn-ún láti lọ wó tibẹ̀ náà. Bàbá Ganíyù dí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní òrùlé bo bárándà tàwọn, òjò kì í kàn án, tàwọn dúró digbí. Wọ́n ní ẹni tó dójú ti àwọn níwájú èrò kò ní fọwọ́ kan ilé àwọn mọ́ láyé.

Láti ọjọ́ náà lọ, ìgbà tí a bá kí ilé tiwa tán ní Sátidé, Bàbá á kọjá sí òdìkejì ọ̀nà. Wọ́n á dúró níwájú ilé Bàbá Ganíyù, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á máa wo bárándà náà. Wọn kì í sọ nǹkan kan. Bàbá Ganíyù náà á gbé àga tiwọn jáde, wọ́n á gbé e sí abẹ́ bárándà náà gan-an, láàárín gbùngbùn, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa fa tẹ̀sùbáà, wọ́n á kọjú sí Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn, àgbà ọkùnrin méjì, ọdún dé, ọdún lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Mo máa ń di etí aṣọ Bàbá mú. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé kí ni a wá ṣe tí wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. "Bó bá já," ni wọ́n wí, "ó yẹ kí n wà níbẹ̀."

Mo lọ́kọ, mo bí Àìṣá, Màmá àgbà kú, mo padà wá ń gbé lọ́dọ̀ Bàbá ní Addo kí n lè máa tọ́jú wọn. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, Àìṣá ló ń kí ilé fún wọn. Á máa kan ògiri yàrá wọn yíká, wọ́n á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa mi orí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Àìṣá. Lọ́jọ́ Sátidé, a ó gbé Bàbá lọ sójú fèrèsé, wọ́n á máa wo òdìkejì ọ̀nà. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ lọ, gbogbo wa rò pé wọ́n máa gbàdúrà fún wa. Ojú wọn wà lára fèrèsé. "Gàní ńkọ́?" ni wọ́n wí. "Ṣé ó ṣì wà lábẹ́ rẹ̀?"

Ìyẹn ló fà á tí mo fi ń ka èèyàn ní ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí wọ́n di mọ́kànlá lórí bárándà yẹn, mi ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo dìde kúrò nídìí wáàsí, mo kọjá sọ́hùn-ún, mo gbójú sókè sí wọn. Bí mo bá sọ pé ilé fẹ́ wó, wọ́n á sáré, sísáré náà ló sì ń bà mí lẹ́rù. Mo ní, "Ẹ máa bọ̀ o, wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Ẹ rọra, ó máa kárí." Kò pẹ́ tí wọ́n fi tán níbẹ̀. Ẹlẹ́pà ló kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀.

Bàbá Ganíyù wà lórí àga wọn lábẹ́ bárándà. Wọ́n ti di arúgbó gidi, fìlà wọn tóbi jù wọ́n lọ. Wọ́n pè mí.

"Kúdí, oúnjẹ wo ni wọ́n ń pín? Ààfáà ò tíì ṣe tán."

Mo kúnlẹ̀, mi ò lè wojú wọn. "Ẹ má bínú, Bàbá."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ wọn. "Sátidé tó kọjá," ni wọ́n wí, "mo gbé àga jáde. Mo wo ojú fèrèsé yín, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Gbogbo ọdún yìí tí Múfú fi ń wò mí, ẹ̀rù ò bà mí rí." Wọ́n nu ojú wọn. "Sátidé tó ń bọ̀, wá kí ilé mi."

Mo mú Àìṣá lọ. Ó yẹ kí n sọ pé mi ò fẹ́ mú un lọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mò ń rí bárándà náà lójú mi tó ń já lé e lórí. Ṣùgbọ́n etí tèmi ti mọ ohun tó wù ú láti gbọ́, bíi ti Bàbá. Ó wù mí kó dáhùn. Mo gbé ọ̀pá gígùn tí Bàbá máa ń lò fún síìlìn, tí wọ́n so ṣọ́ọ̀kì mọ́ lẹ́nu. Mo mú Àìṣá dúró sí ìta, kúrò lábẹ́ bárándà náà pátápátá, mo di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú. Mo bẹ Bàbá Ganíyù kí wọ́n dìde kúrò lábẹ́ ibẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ti ń jókòó látọjọ́ yìí, ibẹ̀ ni àwọn á ti gbọ́ èsì. Lókè, Ìyá Fáwàásì, ìyàwó ọmọ wọn, ń sá aṣọ, ọmọ titun wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àìṣá na ọ̀pá sókè. Ó kàn án lápá ògiri. Kó, kó. Ó sún síwájú díẹ̀. Kó. Mo mí kanlẹ̀. Ó sún dé àárín, lókè àga arúgbó náà.

Bọ̀ọ̀.

Àìṣá dúró. Ó wo Bàbá Ganíyù. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, wọ́n ti fún un ní bisíkíìtì kí a tó bẹ̀rẹ̀, bisíkíìtì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

"Ó dáhùn, Mọ́mì," ni ọmọ mi wí.

Ọlọ́run ló mọ bó ṣe wù mí tó kí n gbà á gbọ́. Kí a kó ọ̀pá wa, kí a máa lọ, kí arúgbó náà rí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ lò láìsí wàhálà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Mo wá rí i pé ọmọ mi kò wo òkè mọ́, bisíkíìtì ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Àìṣá, sọ orúkọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù."

Ó tẹ orí ba. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́ kí arúgbó má bàa gbọ́. "Wọ́n máa sunkún."

"Ó ṣeé ṣe," ni mo wí. "Mo dì ọ́ mú."

Ó gbé ọ̀pá sókè padà. Ó pẹ́ díẹ̀ nítorí pé ọ̀pá náà gùn jù ú lọ, ṣọ́ọ̀kì sì ń yọ̀, ṣùgbọ́n ó fa òbìrìkìtì náà tán, ńlá, ó wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Eruku funfun já bọ́ sórí fìlà Bàbá Ganíyù. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò ó. Wọn ò sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Wọ́n di ọwọ́ àga mú, wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì wọ́ àga náà jáde kúrò lábẹ́ bárándà. Wọ́n gbé e síbi tí Bàbá mi máa ń dúró sí, nínú oòrùn. Wọ́n wá gbóhùn sókè.

"Ìyá Fáwàásì, gbé ọmọ. Rọra máa bọ̀, má sáré."